Lẹ́ǹsì Àfọwọ́yí Létí Ọ̀sà

Ẹyẹ apẹja dúdú òun funfun tó ń gbé etí ọ̀sà ní Akọka kì í bà síbi tó bá ṣáà ti rí. Ó ní òpó tirẹ̀. Tó bá já wọ omi, ì báà rí ẹja mú, ì báà má rí, orí òpó yẹn kan náà ló sábà máa ń padà sí, yóò sì kọjú síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. N kì bá tí mọ èyí bí kì í bá ṣe ti lẹ́ǹsì ọwọ́ mi, tí wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó bí mi.

Lẹ́ǹsì náà jẹ́ 300mm, ìyẹn ni ìwọ̀n bó ṣe ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò ṣí ju f/4.5 lọ; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ihò náà ń fẹ̀ tó. Irin àti dígí ni gbogbo ara rẹ̀. Kò ní mọ́tò, kò ní kọ̀ǹpútà kékeré nínú, kò sì sí ọ̀nà tó lè gbà bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Òrùka méjì ni mo ń yí: èyí tó fẹ̀ ni ti fókọ́ọ̀sì, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ti ihò ìmọ́lẹ̀. Kámẹ́rà dígítà tí mo so ó mọ́ kì í ṣe ti olówó ńlá, ó kàn jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní mirrorless, tí kò ní dígí awojú nínú. Sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán, kéré sí fíìmù àtijọ́, nítorí náà ohun tí 300mm ń fi hàn nínú rẹ̀ ṣe déédéé ohun tí 450mm ìbá fi hàn lórí fíìmù. Fún ẹni tó ń ya ẹyẹ, èrè ńlá nìyẹn láìná kọ́bọ̀ kún un.

Àwọn kámẹ́rà tuntun ti gbọ́n. Wọ́n lè dá ojú ẹyẹ mọ̀ láàárín ewé, kí wọ́n dì í mú, kó gbéra kó máa fò lọ, kí wọ́n má sì jẹ́ kó bọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan yá mi ní irú rẹ̀ rí. Iṣẹ́ tó ń ṣe yà mí lẹ́nu, n kò sì ní bẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹyẹ bá yà sí ni kámẹ́rà ń yà sí, èmi náà sì ń tẹ̀lé kámẹ́rà. Nígbà tí mo délé, fọ́tò pọ̀, wọ́n sì mọ́ kedere, àmọ́ n kò lè sọ pàtó ibi tí ẹyẹ kankan nínú wọn ń gbé tàbí ohun tó ń wá níbẹ̀. Lẹ́ǹsì àfọwọ́yí kì í fún èèyàn nírú àyè bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kò lè yára tó ìyẹ́. Àfi kí èèyàn mọ ibi tí ẹyẹ ń bọ̀, kó ti ṣe fókọ́ọ̀sì síbẹ̀ kó tó dé, kó sì dúró dè é. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Ó ń sọ ẹni tó ń ya ẹyẹ di ẹni tó mọ àdúgbò ẹyẹ, Èkó sì nílò irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Súrùlérè ni mo ti ra tèmi. Wọ́n máa ń ya bọ́ọ̀lù fún ìwé ìròyìn nígbà tí Pápá Ìṣeré ibẹ̀ ṣì ń kún dẹ́nu. Bí mo ṣe jókòó tán, wọ́n bi mí pé, “Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Mo ní, “Ẹyẹ ni mo fẹ́ máa yà, sà.”

“Ẹyẹ? Ẹyẹ kì í dúró o.”

“Bọ́ọ̀lù náà kì í dúró, bàbá, ẹ sì yà á.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Èmi kì í tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Ẹnu gọ́ọ̀lù ni mo máa ń ṣe fókọ́ọ̀sì sí, bọ́ọ̀lù á wá bá mi níbẹ̀.”

Gbogbo ohun tí mo ti kà nípa lẹ́ǹsì, kò sí èyí tó wúlò fún mi tó gbólóhùn yẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé lẹ́ǹsì tó ti pẹ́ báyìí kò lè bá kámẹ́rà òde òní mu. Ó ń bá a mu, ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Kó tó di 1985, ọwọ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ayàwòrán lágbàáyé fi ń ṣe fókọ́ọ̀sì. Ọdún yẹn ni Minolta gbé kámẹ́rà 7000 jáde, tí mọ́tò fókọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sì sáré tẹ̀ lé e. Canon yí ẹnu kámẹ́rà rẹ̀, ibi tí lẹ́ǹsì ti ń wọ̀ ọ́, padà pátápátá ní 1987, tó fi jẹ́ pé àwọn lẹ́ǹsì FD tó ti tà káàkiri ayé kò wọ kámẹ́rà rẹ̀ tuntun mọ́. Iye wọn wálẹ̀. Ẹnu kan náà ni Nikon ní tirẹ̀ ń lò láti 1959 fún àwọn kámẹ́rà rẹ̀ tó ní dígí awojú nínú, ọ̀pọ̀ èyí tó jẹ́ dígítà lára wọn ló sì ń gba lẹ́ǹsì àfọwọ́yí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú 1977, tí wọn kò sì tíì gé òrùka rẹ̀ kó lè bá ti ìgbà tuntun mu, lè ba irin kékeré kan jẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Nikon. Ẹ má fi ipá tì í wọlé.

Mirrorless ló wá tú gbogbo wọn sílẹ̀. Àyè kan wà tó gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀yìn lẹ́ǹsì àti fíìmù tàbí sẹ́ńsọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́ǹsì náà kò ní rí ọ̀nà jíjìn. Ti Canon FD jẹ́ mìlímítà 42, ti Nikon jẹ́ 46.5. Kámẹ́rà Sony tó ń lo ẹnu E kò ní ju 18 lọ. Tí ẹ bá fẹ́ so FD mọ́ ọn, mìlímítà 24 ló ṣẹ́ kù, òrùka irin tí inú rẹ̀ ṣófo, tí wọ́n ń pè ní àdápútà, ló sì máa dí i. Kò sí dígí nínú òrùka náà, nítorí náà kò sí ohun tó máa ba àwòrán jẹ́. Ìdí tí àdápútà olówó pọ́ọ́kú fi lè ṣiṣẹ́ ńlá nìyí, bó bá ṣáà ti dì mú gírígírí. Ẹni tó bá fẹ́ so FD yẹn kan náà mọ́ Canon dígítà tó ní dígí awojú nínú, tí àyè tirẹ̀ jẹ́ mìlímítà 44, ti pàdánù mìlímítà 2 kó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà jíjìn kò sì ní mọ́ kedere.

Tí ẹ bá fẹ́ ra lẹ́ǹsì tòkunbọ̀ lọ́jà Erékùṣù tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ilé fọ́tò bàbá rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ara rẹ̀ tó ti ha dẹ́rù bà yín. Inú ni kí ẹ wò. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ tàn án wọlé láti ẹnu kan, ẹ wò ó láti ẹnu kejì. Tí ẹ bá rí okùn tín-ín-rín tó ta síra bí òwú aláǹtakùn, dígí náà ti bu nìyẹn. Ohun tó ń hù yìí máa ń tu oje tó ń jẹ ohun tí wọ́n fi bo ojú dígí, tó bá sì pẹ́ níbẹ̀, kí wọ́n nù ún kò ní mú kí ojú dígí padà bó ṣe wà. Ẹ yí òrùka ihò ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì wo àwọn abẹ́ pẹlẹbẹ inú rẹ̀ bóyá epo ti rìn sí wọn lára, nítorí epo yẹn ló ń mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ẹ yí òrùka fókọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó yẹ kó wúwo díẹ̀, kó sì máa lọ geere láìsí ibi tó ti ń fà tàbí tó ti ń dún bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde síta, ẹ wo ohun tó jìnnà, bí òpó tẹlifóònù tàbí ilé gogoro, kí ẹ rí i pé ó dé ibẹ̀ kedere. Ẹni tó bá ní kí ẹ má jáde síta dán an wò, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin Èkó yìí kì í ṣe kékeré. Àpò awọ tí ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì àtijọ́ bá wá dára lójú, àmọ́ ó ń fa omi mọ́ra, òkùnkùn inú rẹ̀ sì ni ohun tó ń bu náà ń fẹ́. Ike onídèérí tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ ni mo ń kó tèmi sí, pẹ̀lú àwọn àpò funfun kéékèèké tí a máa ń rí nínú páálí bàtà tuntun. Tí wọ́n bá ti mu omi yó, mo máa ń yí wọn padà. Mo sì máa ń gbé lẹ́ǹsì náà sójú ìmọ́lẹ̀ dáadáa, kódà nígbà tí n kò bá ní ibi tí mò ń lọ. Ohun mìíràn tún ni A.C. ọkọ̀. Ẹ má ti inú ọkọ̀ tó tutù yọ lẹ́ǹsì sínú oru lójijì. Ẹ jẹ́ kó wà nínú báàgì títí ara rẹ̀ á fi gbóná bíi ti ìta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á bò ó lójú, nígbà mìíràn á sì rìn wọnú.

Létí ọ̀sà wàyí. Òwúrọ̀ kùtù ni mo máa ń débẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń rọ̀ nìkan. Tí oòrùn bá ti ga, ooru máa ń mú kí afẹ́fẹ́ máa gbọ̀n lójú omi, kò sì sí lẹ́ǹsì, tuntun tàbí àtijọ́, tó lè rí inú rẹ̀ kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bú lẹ́ǹsì wọn lórí ohun tí afẹ́fẹ́ ṣe. Mo máa ń gbé kámẹ́rà ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo sì máa ń kọ 300 sí ibi tí kámẹ́rà ti ń béèrè gígùn lẹ́ǹsì, torí lẹ́ǹsì náà kò lè sọ ọ́ fún un, ohun tó sì ń dènà ìgbọ̀nrìrì nínú kámẹ́rà nílò iye yẹn. Kámẹ́rà náà lè fi àwọ̀ pupa yí etí ohun tó bá ti mọ́ kedere ká. Ó wúlò láti mọ agbègbè, àmọ́ n kì í fọkàn tán an pátápátá tí ihò ìmọ́lẹ̀ bá ṣí tán. Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ni kí n sọ àwòrán ojú kámẹ́rà di ńlá, kí n wo igi òpó náà títí mo fi rí ojú ìṣó tó wà lára rẹ̀.

Iye àyè tí èèyàn ní kéré gan-an. Tí òpó bá wà ní mítà 10, tí ihò ìmọ́lẹ̀ sì wà ní f/4.5, gbogbo ibi tó máa mọ́ kedere níwájú àti lẹ́yìn kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 20 lọ. Ẹyẹ apẹja náà tó bíi sẹ̀ǹtímítà 25 láti ẹnu dé ìrù. Ẹ ṣírò rẹ̀: bó bá kọjú sí yín gan-an, tí ojú rẹ̀ mọ́, ìrù lè má mọ́. Bí mo bá yí ihò náà sí f/8, àyè yẹn á di bíi sẹ̀ǹtímítà 35, ìyẹn sì tó fún gbogbo ara rẹ̀. Nítorí náà f/8 ni mo ń lò tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà mí láyè. Tó bá kù díẹ̀ kí ẹyẹ dé, ọwọ́ mi kì í sí lórí òrùka fókọ́ọ̀sì mọ́. Iṣẹ́ ti tán níbẹ̀. Ẹyẹ apẹja yìí sì tún ṣe oore kan fún àwa tí a ń fọwọ́ yí lẹ́ǹsì: kó tó já wọ omi, ó máa ń dúró lójú kan lófuurufú, tí á máa gbọn ìyẹ́, tí á kọ ẹnu sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ ibi tó sábà ń dúró sí lè múra dè é níbẹ̀.

Ohun kan ya mi lẹ́nu púpọ̀ nígbà tí mo ṣírò rẹ̀. A máa ń rò pé ẹyẹ tó jókòó ló rọrùn, pé èyí tó ń fò ló le. Ṣùgbọ́n ní mítà 50, pẹ̀lú f/4.5 kan náà, àyè tó mọ́ kedere ti di bíi mítà 5. Àwòdì tó ń rà bàbà lókè ọ̀nà Yábàá lọ́gbẹlẹ̀, tí kì í yára, tó sì ń yípo lójú ibì kan, rọrùn fún lẹ́ǹsì mi ju ẹ̀gà tó wà lórí ọ̀pẹ ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ. Mo kàn máa ń ṣe fókọ́ọ̀sì sí orí ilé tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, kí n wá dúró de àwòdì kó yí dé àyè yẹn. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ fún àwọn tó ní kámẹ́rà tuntun. Kò sí ẹni tó lè mọ ibi tí ó máa yà sí.

Àwọn àgbà ní agbe ló laró, àlùkò ló lósùn, lékeléke ló lẹfun. Ẹfun yẹn ni ìṣòro kámẹ́rà. Tí lékeléke bá dúró níwájú omi dúdú, kámẹ́rà á rò pé gbogbo ayé ti ṣókùnkùn, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ìyẹ́ á sì di funfun gbalaja tí kò ní ìlà kankan nínú. Mo máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì iye tí kámẹ́rà fẹ́, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí n ó fi máa rí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lára lékeléke náà ni àléébù dígí àtijọ́ ti ń hàn jù: ìlà àwọ̀ àlùkò tàbí àwọ̀ ewé á yọ létí ìyẹ́ rẹ̀. Àwọn lẹ́ǹsì tí wọ́n kọ ED sí lára ní dígí pàtàkì tó ń dín èyí kù, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí iye wọn fi ga. Ẹni tí kò ní i lè ti ihò ìmọ́lẹ̀ sí f/8, kó sì pa ìyókù rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Èmi a máa ṣe bẹ́ẹ̀, fọ́tò náà a sì máa wù mí. Ìgbà tí lékeléke bá kọjá lókè, tí àwọn ọmọdé bá na ìka sókè tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn ní èékánná funfun, inú mi máa ń dùn pé ẹyẹ kan ṣì wà nílùú ńlá yìí tí gbogbo ọmọdé mọ orúkọ rẹ̀.

N kò ní fi gbogbo ẹnu yin irú lẹ́ǹsì yìí fún gbogbo ibi. Ní Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, igbó tó wà níbẹ̀ ṣú, ọ̀bọ inú rẹ̀ kì í dúró lójú kan, f/4.5 kò sì tó lábẹ́ ewé. Afárá òkè igi ibẹ̀ gùn ní mítà 401, ó sì máa ń mì bí ẹlòmíràn bá ti tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ sọ àwòrán di ńlá kó tó tẹ kámẹ́rà yóò kàn rẹ ara rẹ̀ sí i ni. Awọ́nríwọ́n tó bá ń yá oòrùn ni kí ẹ wá lọ níbẹ̀. Ó lè pẹ́ níbi kan, tí ẹ bá sì rọra, kò ní sá. Bákan náà ni lẹ́ǹsì 500mm f/8 tó ń lo dígí awojú nínú, tó kúrú, tó sì fúyẹ́: n kò fẹ́ràn rẹ̀ létí omi, nítorí gbogbo ìtànṣán oòrùn tó wà lẹ́yìn ẹyẹ ló máa sọ di òrùka róbótó-róbótó, ojú á sì fi ẹyẹ sílẹ̀ máa wo òrùka.

Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn náà wà. Ohun gígùn dúdú tí èèyàn gbé sójú ní Èkó máa ń da ọkàn ẹlòmíràn rú. Àwọn ará Soviet Union tilẹ̀ ṣe kámẹ́rà kan tí wọ́n ń pè ní Fotosnaiper, lẹ́ǹsì 300mm f/4.5 lórí igi ìdí ìbọn, tó ní ohun tí ìka ń fà bíi ti ìbọn. Ó ṣì wà lọ́jà tòkunbọ̀ lágbàáyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kọjá níwájú ọlọ́pàá kankan níbí. Èmi máa ń lọ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ kí n tó tú báàgì. Tí wọ́n bá ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ̀ ń yà níbẹ̀ yẹn?” màá ní kí àwọn náà fojú sí i. Ẹni tó bá ti rí ojú ẹyẹ nínú rẹ̀ kì í béèrè ìwé àṣẹ mọ́. Ibi tí òun náà ti rí ẹyẹ rí ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ.

Bí mo ṣe mọ ibi tí àwọn ẹyẹ dúdú ọlọ́rùn gígùn tó ń na ìyẹ́ sóòrùn máa ń wà nìyẹn. Bàbá apẹja kan gbé ọkọ̀ rẹ̀ sétí, mo kí wọn, “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá, ẹ kú ewu omi.” Wọ́n wo lẹ́ǹsì, wọ́n wo ibi tí mo kọjú sí. Wọ́n ní, “Ibi tó o wà yìí kọ́. Tómi bá ń fà, orí àwọn igi àwọ̀n ọ̀hún ni wọ́n máa wà, torí ibẹ̀ lẹja ń há sí. Tómi bá kún, wọn ò sí ńbẹ̀ mọ́.” Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Wọ́n ní, “Ẹja kan náà la jọ ń wá.” Látìgbà náà, mo máa ń wo bí omi ṣe ń fà, bó ṣe ń kún, kí n tó jáde nílé, bí mo ṣe ń wo ojú ọjọ́. Kò sí ohun tó wà nínú kámẹ́rà kankan tó lè sọ ìyẹn fún mi.

Mo ní ìwé kan tí mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí: ẹyẹ wo, orí kí ni, aago mélòó, omi ń fà ni àbí ó ń kún, mítà mélòó ni òrùka fókọ́ọ̀sì fi hàn. Àwọn lẹ́ǹsì àtijọ́ ní nọ́ńbà jíjìn tí wọ́n fín sára wọn, èyí tí ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì tuntun kò ní mọ́, ó sì wúlò fún mi gan-an. Tí mo bá padà sí òpó kan náà, mo máa ń yí òrùka sí nọ́ńbà tí mo kọ sílẹ̀ kí n tó gbé ojú sí kámẹ́rà rárá.

Ẹyẹ kan kò sí nínú ìwé yẹn. Igún. Àwọn àgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta sọ pé orí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ló máa ń kún nígbà èwe wọn. Ní 2015, ẹgbẹ́ IUCN tó ń ṣe àkójọ àwọn ẹ̀dá tó wà nínú ewu kọ igún tí a mọ̀ níbí yìí sí ipò tó súnmọ́ ìparun jù lọ. Májèlé wà lára ohun tó fà á, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń pa á tà fún oògùn àti ètùtù. Mo ti wá a lókè àwọn ibi ìpẹran, mo ti wá a lókè ààtàn, àwòdì àti kannakánná nìkan ni mo ń bá. Lẹ́ǹsì mi tó láti yà á, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni: ẹyẹ ńlá, tí kì í kánjú, tó máa ń bà síbi tó ti bà rí. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ibi tó ṣì ń bà sí ní Èkó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi: òrùlé wo, aago mélòó, àti apá ibi tó máa ń kọjú sí.